Ìkarahun Ọta Tó Ṣàjèjì ní Pápá Ìyìnbọn: Ta Ló Fi Àmì Sí I Lára?

Ní ọ̀pọ̀ pápá ìyìnbọn ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yálà èyí tí ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn kọ́ fún ara wọn tàbí ilẹ̀ ìjọba tó wà ní gbangba ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Arizona, Nevada àti Utah, ilẹ̀ máa ń kún fún ìkarahun ọta tí àwọn ènìyàn ti yìn tán. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa ṣa ìkarahun wọ̀nyí. Òmíràn fẹ́ tún un kì, ìyẹn kí ó fi ẹ̀tù àti orí ọta tuntun sí i fún ìlò ara rẹ̀, òmíràn fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù idẹ, òmíràn sì kàn ń kó o jọ nítorí ìtàn tó wà lára rẹ̀. Láàárín ọ̀pọ̀ tó jọra wọn, kì í pẹ́ tí ọwọ́ fi máa ń ba ọ̀kan tí kò jọ ìyókù: èyí tí ọrùn rẹ̀ ní àwọ̀ aró, èyí tí ilà dúdú tò sí lára láti òkè dé ilẹ̀, èyí tí kò ní ìdí rárá, tàbí èyí tí àkọlé rẹ̀ ń sọ ohun kan tí ìrísí rẹ̀ sì ń sọ òmíràn. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé, irú ìbọn abàmì wo ni wọ́n fi yìn èyí?

Ìdáhùn mi ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ìbọn abàmì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìkarahun tí gbogbo ayìnbọn mọ̀ ni, àmọ́ nǹkan kan ti fi àmì sí i lára. Àmì náà lè jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ṣe é, ó lè jẹ́ ti ìbọn tí a fi yìn ín, ó sì lè jẹ́ ti ilẹ̀ tó ti wà fún ọdún pípẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pé ta ló fi àmì yìí sí i kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà, nígbà tí ẹni tó bá sáré lọ sí orúkọ ìbọn lè máa wá ohun tí kò sí kiri.

Ó yẹ kí á mọ ẹ̀yà ara ohun tí à ń wò. Odindi ọta tí a kò tíì yìn ní ohun mẹ́rin: ìkarahun, tó sábà máa ń jẹ́ idẹ, ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀, orí ọta, èyí tí í fò jáde lọ bá ohun tí a dojú ìbọn kọ, àti ìdáná, ìyẹn ife irin kékeré tí wọ́n tẹ̀ bọ àárín ìdí ìkarahun, tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún kí iná lè mú ẹ̀tù. Nígbà tí ìbọn bá ró, orí ọta ti lọ, ẹ̀tù ti jóná, ìkarahun pẹ̀lú ìdáná tó ti lu ló kù. Ìkarahun yìí ní ẹnu níbi tí orí ọta ti jáde, ó ní ara, ó sì ní ìdí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn gígùn sábà máa ń ní èjìká àti ọrùn pẹ̀lú, bí ìgò ṣe ní i, nítorí pé ara rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ti ìbọn ìléwọ́ sábà máa ń ṣe gbọọrọ láìní èjìká.

Àwọn tí kò tẹ̀lé ìlànà yìí wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń rú àwọn olùṣà lójú. Ìkarahun kékeré kan wà tí ó ní èjìká, tí gígùn rẹ̀ kò pé mìlímítà 29, tí ara rẹ̀ sì ń yọ̀ díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Èyí ni 5.7×28, tí iléeṣẹ́ FN ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ṣe: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí orí ọta ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, èkejì ń sọ nǹkan bí gígùn ìkarahun. Ohun tí wọ́n fi kùn ún wà níbẹ̀ kí ìkarahun má baà lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, nítorí náà ẹni tó bá bó o kúrò láti mú un dán ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Òmíràn ni .357 SIG tó jáde ní ọdún 1994, tó jẹ́ ti ìbọn ìléwọ́ tó sì ní èjìká. Nọ́ńbà tí àmì tó-tò bá ṣáájú báyìí ń sọ nǹkan bí orí ọta ṣe fẹ̀ tó ní ínǹṣì. Ìkarahun .22 tó wọ́pọ̀ jù lọ ní pápá gbogbo kò ní ife ìdáná rárá, nítorí pé inú etí ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi ohun tó ń dá iná sí. Ìdí nìyẹn tí àmì abẹ́rẹ́ fi máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ dípò àárín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù ni òǹtẹ̀ tó wà ní ìdí. Òǹtẹ̀ máa ń sọ ẹni tó ṣe ìkarahun, ó sì lè sọ ìwọ̀n rẹ̀ tàbí ọdún tí wọ́n ṣe é, àmọ́ kì í sọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ní gbogbo ìgbà. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń tà fún ará ìlú sábà máa ń kọ orúkọ ara wọn pẹ̀lú ìwọ̀n ọta náà ní gbangba. FC ni Federal, R-P ni Remington-Peters, S&B ni Sellier & Bellot ti ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì tó ti wà láti ọdún 1825, PPU ni Prvi Partizan ti Serbia, GFL sì ni Fiocchi ti ìlú Lecco ní Ítálì. CBC tí ó wọ́pọ̀ gan-an jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan ní Brazil tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1926.

Ti àwọn ológun yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ ogun kì í nílò kí a kọ ìwọ̀n ọta sí ìdí rẹ̀ fún un, nítorí pé irú ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni irú ọta tí wọ́n fún un. Nítorí náà òǹtẹ̀ ológun lè jẹ́ lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà méjì péré. LC 67 túmọ̀ sí pé Lake City, iléeṣẹ́ ọta ìjọba tó wà ní ìlú Independence ní ìpínlẹ̀ Missouri láti ọdún 1941, ló ṣe é ní ọdún 1967. Bí àgbélébùú bá wà nínú òbìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ pé wọ́n ṣe é ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà àjọ NATO. Àwọn ará Soviet kò tilẹ̀ kọ lẹ́tà iléeṣẹ́: nọ́ńbà iléeṣẹ́ lókè, nọ́ńbà ọdún nísàlẹ̀. 17 jẹ́ ti Barnaul, 539 jẹ́ ti Tula, 60 sì jẹ́ ti ìlú tí à ń pè ní Bishkek lónìí. Ẹni tí kò mọ èyí lè rí 60 àti 75, kí ó rò pé ìwọ̀n ọta ni, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ àti ọdún 1975 ni. Àwọn ará Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi lẹ́tà àdììtú pa orúkọ iléeṣẹ́ wọn mọ́ kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí ọta ti ń wá. Aux, fún àpẹẹrẹ, ni iléeṣẹ́ Polte ní ìlú Magdeburg.

Kódà nígbà tí wọ́n bá kọ ìwọ̀n sí i, orúkọ lè dojú rú. 9mm Luger, 9mm Parabellum, 9×19 àti 9mm NATO ń tọ́ka sí ìkarahun kan náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 19. Àmọ́ 9mm Kurz, 9mm Corto, 9mm Browning Court àti 380 Auto jẹ́ orúkọ òmíràn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 17. 9mm Makarov tún dá dúró tirẹ̀ ní mìlímítà 18, tí ti Spain tí wọ́n ń pè ní 9mm Largo sì gùn tó mìlímítà 23. Kurz, Corto àti Court ń sọ pé ó kúrú ní èdè Jámánì, Ítálì àti Faransé. Ẹni tó rí 9mm lára òǹtẹ̀ tí kò ka ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e yóò da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Fún ìdí èyí, irinṣẹ́ tí mo kà sí pàtàkì jù fún olùṣà ni irin ìwọ̀n tó ń ka mìlímítà, èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó wúlò ju ìwé atọ́ka òǹtẹ̀ tó tóbi jù lọ.

Ìdí pàtàkì mìíràn wà tí a fi gbọ́dọ̀ wọn ìkarahun. Òǹtẹ̀ ń sọ ohun tí ìkarahun jẹ́ ní ọjọ́ tó kúrò ní iléeṣẹ́ nìkan. Ọta kan wà tí wọ́n ń pè ní .300 Blackout, tí àjọ tó ń ṣètò ìwọ̀n ọta ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ìkarahun rẹ̀ fúnra wọn nípa gígé ìkarahun .223 kúrú láti bíi mìlímítà 45 sí bíi mìlímítà 35, tí wọn yóò sì fún un ní ọrùn tuntun. Òǹtẹ̀ .223 kò ní parẹ́ nítorí èyí. Olùṣà yóò wá rí ìkarahun kúkúrú tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n kọ 223 REM sí ìdí rẹ̀, yóò sì rò pé àṣìṣe iléeṣẹ́ ni òun rí, pé ó lè tó owó ńlá. Kò tó owó kankan, àmọ́ kò yẹ kí a fojú kéré rẹ̀ láàárín àwọn tó ń kì ọta, nítorí pé odindi ọta .300 Blackout tó bá ṣèèṣì wọ inú ìbọn .223 lè fọ́ ìbọn náà mọ́ ayìnbọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn òǹtẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ṣe ìkarahun. Idẹ ọta jẹ́ bàbà ìdá 70 nínú 100 àti síńkì ìdá 30, òòfà kì í sì í fà á. Bí òòfà bá fà á, irin ni. Ìkarahun irin tí ó ní àwọ̀ eérú, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀ sábà máa ń wá láti Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ Soviet tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi irin dípò idẹ nítorí owó, tí wọ́n sì kùn ún kí ó má baà dípẹtà. Amẹ́ríkà pẹ̀lú ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ Chrysler tó wà ní ìlú Evansville ní ìpínlẹ̀ Indiana fi irin ṣe ọta .45 lọ́pọ̀ yanturu fún àwọn ọmọ ogun, òǹtẹ̀ rẹ̀ sì ni EC pẹ̀lú nọ́ńbà ọdún, bíi EC 43. Tí òjò bá ti pa á fún ọdún púpọ̀, ìpẹtà á bò ó débi pé ènìyàn á rò pé ìṣó ńlá kan ló já.

Èyí tó fúyẹ́ tí ó ní àwọ̀ eérú, tí òòfà kò sì fà, jẹ́ alumíníọ̀mù. Blazer tí CCI ń ṣe ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó funfun tó ń dán bíi fàdákà jẹ́ idẹ tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò, kì í sì í ṣe fàdákà rárá. Láìpẹ́ yìí ni àwọn tó da ohun méjì pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn. Ọta 6.8×51 tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà yàn ní ọdún 2022 fún ìbọn tuntun wọn ní ìdí irin tí wọ́n so mọ́ ara idẹ, nítorí pé agbára ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀ ju ohun tí ìdí idẹ lásán lè gbà mọ́ra. Ẹni tó bá rí ìkarahun aláwọ̀ méjì tí ìlà ìsopọ̀ hàn lára rẹ̀ kò rí èyí tó bàjẹ́: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

Iléeṣẹ́ tún máa ń fi àwọn àmì mìíràn sílẹ̀ tí ojú àìmọ̀ máa ń kà sí àbùkù. Àwọ̀ aró tàbí elése àlùkò tó máa ń wà ní ọrùn àti èjìká ìkarahun ológun wá láti inú iná tí wọ́n fi rọ idẹ ibẹ̀, kí ó má baà sán nígbà tó bá yá. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń tà fún ará ìlú náà ń ṣe é, àmọ́ wọ́n sábà máa ń nu àwọ̀ náà kúrò kí ọjà wọn lè dán. Òbìrí pupa, ewé tàbí elése àlùkò tó yí ìdáná ká jẹ́ ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Kòtò tóóró tó yí ìdáná ká, tàbí ojú ibi mẹ́ta tí wọ́n gún mọ́ ọn, wà kí ìdáná má baà yọ jáde nígbà tí ìbọn arọ̀jò ọta bá ń yára yìn. Tí ẹnu ìkarahun bá ká bí òdòdó tó ń pa dé, ọta tí kò ní orí ni, tí àwọn ológun fi ń ṣe ìdánrawò ariwo. Àwọn kan sì ní kòtò gígùn tó jinlẹ̀ lára láti òkè dé ilẹ̀, láìní ìdáná ní ìdí. Ọta ẹ̀kọ́ nìyẹn, tí kò ní ẹ̀tù láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ kòtò yẹn sí i kí ọmọ ogun lè fi ọwọ́ dá a mọ̀ nínú òkùnkùn.

Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí inú ìkarahun, a óò rí ihò tí iná ń gbà kọjá láti ìdáná bọ́ sínú ẹ̀tù. Ihò kan ní àárín gbùngbùn jẹ́ irú èyí tí Edward Boxer, ọmọ ogun Bìrìtìkó kan, gbé kalẹ̀. Ihò méjì kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ ti Hiram Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1866 ni àwọn méjèèjì gbé tiwọn jáde, ó sì jẹ́ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló gba ti ọmọ Bìrìtìkó, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù sì gba ti ọmọ Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń tún ọta kì fi ń ti ìdáná tó ti lu jáde ní abẹ́rẹ́ kan péré tó ń gba ihò àárín, bí ìkarahun oníhò méjì bá sì wọ inú rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á ṣẹ́. Ìkarahun .45 Auto ní wàhálà tó fara jọ èyí: ní àwọn kan, ihò tí ife ìdáná ń jókòó sí tóbi, ó fẹ̀ tó mìlímítà 5.3, ní àwọn mìíràn ó kéré, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 4.4 lọ, bẹ́ẹ̀ ìyókù ara wọn jọra pátápátá. Nínú ìkarahun 9mm kan tí òǹtẹ̀ wọn jẹ́ IMT, ènìyàn yóò rí àtẹ̀gùn yípo kan lára ògiri inú. Òun náà jẹ́ iṣẹ́ iléeṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀tù, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kì ọta máa ń yà á sọ́tọ̀ fún àwọn olùra idẹ.

Àmì tí ìbọn ń fi sílẹ̀ ni èyí tó dùn mọ́ mi jù, nítorí pé òun nìkan ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá gan-an. Ìkarahun máa ń wú nígbà tí ẹ̀tù bá jóná, ó máa ń tẹ̀ mọ́ ògiri inú ìbọn, ohunkóhun tó bá sì wà lára ògiri náà yóò ya ara rẹ̀ sí i. Àwọn ìbọn Heckler & Koch ti Jámánì bíi G3 àti MP5 ní kòtò tóóró tí wọ́n gbẹ́ yí ibi tí ọta ń jókòó sí ká, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè yí ìkarahun ká kí ó lè rọrùn láti fà jáde. Ìkarahun tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń ní ilà dúdú tó tò lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà yí ara rẹ̀ ká. Wọn kò jinlẹ̀ bíi ti ọta ẹ̀kọ́ tí mo sọ lókè, èéfín ló sì máa ń kun ojú wọn. Ìdáná tí àmì rẹ̀ ṣe onígun mẹ́rin gígùn dípò kí ó ṣe róbótó sábà máa ń jẹ́ ti ìbọn ìléwọ́ Glock, nítorí bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti ihò tí abẹ́rẹ́ náà ń gbà jáde ṣe rí. Nínú àwọn Glock àtijọ́ tó ń lo ọta .40, ìdí ìkarahun kò rí ògiri fi ara tì ní ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà ó máa ń yọ ikùn díẹ̀ níbẹ̀.

Ìkarahun kan tilẹ̀ wà tí ìbọn rẹ̀ fún ní ìrísí tí kò sí ní ibòmíràn. Ìbọn oníyípo Nagant tí àwọn ará Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1895 ń lo ọta tí orí rẹ̀ pamọ́ pátápátá sínú ìkarahun. Ẹnu ìkarahun gùn kọjá orí ọta, ó ṣe ṣoṣoro díẹ̀, kí ó lè wọ inú ọ̀pá ìbọn kí afẹ́fẹ́ má baà jò jáde láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín, ìkarahun gígùn tóóró ló kù, tí ẹnu rẹ̀ sì ti ṣí, èyí tí kò bá ìbọn ìléwọ́ kankan tí olùṣà mọ̀ mu. Nínú gbogbo ohun tí mo ti mẹ́nu bà, èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìbọn tó ṣọ̀wọ́n ni.

Àwọn àmì kan ń sọ pé ewu ti kọjá lára ẹnìkan. Ìkarahun 9mm tí ara rẹ̀ wú gbọọrọ ju bó ṣe yẹ, tó sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, lè jẹ́ èyí tí ẹnìkan ṣèèṣì kì sínú ìbọn .40. Bákan náà ni .40 nínú ìbọn .45. Ìkarahun .308, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 51, tí wọ́n bá yìn nínú ìbọn .30-06 tó jẹ́ ti ìkarahun mìlímítà 63, máa ń jáde pẹ̀lú èjìká tó ti lọ síwájú àti ọrùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Òǹtẹ̀ nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù láti jẹ́rìí ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ti ìkarahun tí kò ní ìdí, èyí máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un kì lọ́pọ̀ ìgbà. Idẹ ń nà díẹ̀díẹ̀ ní òkè ìdí, ó ń fẹ́lẹ́, òrùka kan tó ń dán á fara hàn níbẹ̀, ní ọjọ́ kan ìdí á já kúrò nígbà tí ìbọn bá tu ìkarahun. Ara tó kù sínú ìbọn ni wọ́n máa ń fi irinṣẹ́ fà jáde tí wọ́n á sì jù sílẹ̀. Olùṣà tó rí ìkarahun tó ní òrùka dídán yẹn, tí ìdí rẹ̀ kò tíì já, kò gbọdọ̀ fi í sínú èyí tó fẹ́ kì.

Àmì tí ilẹ̀ ń fi sílẹ̀ kò pọ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti táyà ọkọ̀ ń tẹ ẹnu ìkarahun pọ̀, òjò ń sọ ọ́ di dúdú tàbí àwọ̀ ewé. Èyí tó yẹ kí a mọ̀ ni sísán ọrùn láìjẹ́ pé nǹkan gbá a. Àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó ní Íńdíà ti rí i ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ọta tí wọ́n kó sí ibùjẹ ẹṣin ní àsìkò òjò máa ń sán, ọdún 1921 ni wọ́n tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ yékéyéké: amóníà tó ń jáde láti inú ìtọ̀ ẹṣin ló ń jẹ idẹ níbi tí ó bá ti le jù. Èyí ló fà á tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ ìnugíláàsì tó ní amóníà nínú fọ ìkarahun tó ṣà.

Àmì ìbọn lára ìkarahun ti tún ìtàn ńlá kan kọ. Ní ìpínlẹ̀ Montana, níbi tí àwọn Lakota àti Cheyenne, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ṣẹ́gun Custer, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1876, iná jó koríko pápá Little Bighorn ní ọdún 1983. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn awalẹ̀pìtàn fi ẹ̀rọ tó ń wá irin gba gbogbo pápá náà, wọ́n ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ìkarahun kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n sì fi awò amóhun-tóbi wo àmì abẹ́rẹ́ tó wà lára wọn. Àwọn tí àmì wọn bára mu ti inú ìbọn kan náà jáde, nítorí náà wọ́n lè mọ ibi tí ẹni tó ni ìbọn náà gbà kọjá láàárín ogun. Ìkarahun àwọn ọmọ ogun náà tún ní àdììtú tirẹ̀. Bàbà ni, kò ní òǹtẹ̀, ìdí rẹ̀ sì tẹ́jú láìsí ife ìdáná, tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí i á rò pé irú .22 ńlá kan ni. Inú ni wọ́n fi ìdáná rẹ̀ pamọ́ sí, ojú ibi méjì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní òkè ìdí ló sì dì í mú.

Irú ìkarahun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń mú lọ sílé. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1979 dáàbò bo ohun àtijọ́ tó ti lé ní 100 ọdún lórí ilẹ̀ ìjọba, àwọn ọgbà ìtàn ìjọba sì ní òfin tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní pápá aládàáni, ọ̀pọ̀ ló ní ìlànà pé ìkarahun tó bá ti bọ́ sílẹ̀ di ti pápá, nítorí náà ó yẹ kí a béèrè ṣáájú.

Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ni ọta tí orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí ìdáná rẹ̀ sì ti ní àmì abẹ́rẹ́. Ó kọ̀ láti ró ni, ẹ̀tù sì ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn pápá sábà máa ń ní àpótí tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí, alábòójútó ni kí a pè. Lórí ilẹ̀ tí àwọn ológun ti lò rí, ohun tó tóbi ju ọta ìbọn gígùn lọ lè jẹ́ ohun tí kò tíì bú. Ìlànà àwọn ológun Amẹ́ríkà ni pé kí a dá a mọ̀, kí a padà sẹ́yìn, kí a sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Àwọn ará Èkó tó rántí ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ní bárékè Ìkẹjà bú gbàmù tí àwọn ohun ìjà tí kò tíì bú sì fọ́n káàkiri àdúgbò, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Ewu tí kò hàn sójú ni òjé. Ọ̀pọ̀ ìdáná ní òjé nínú, èérú rẹ̀ sì wà nínú ìkarahun gbogbo tí a bá ṣà. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó jẹun, kí a má ṣe kó ìkarahun sínú àpò aṣọ tí a wọ̀, kí a má sì fún ọmọdé láti fi ṣeré tàbí láti fọn bíi fèrè.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ibi bíi Houston, tí wọ́n sì ń lọ sí pápá ìyìnbọn ní òpin ọ̀sẹ̀, lè ṣà á bí òfin ibẹ̀ bá gbà wọ́n láàyè. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin ohun ìjà ti ọdún 1959 kò gba ará ìlú láàyè láti ní ìbọn tàbí ọta láìsí ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ ìjọba DICON ní Kàdúná ti wà láti ọdún 1964 láti máa ṣe ohun ìjà fún àwọn ológun. Ìkarahun òfìfo kì í ṣe ọta lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó bá rí i nínú àpò ènìyàn ní òpópónà tàbí ní pápá ọkọ̀ òfurufú kò ní dúró gbọ́ àlàyé lórí ihò iná àti òǹtẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé, kó fi àkójọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n sọ di ìdè kọ́kọ́rọ́.